Orúkọ Jésù: ìró rẹ̀ ni, àbí Ẹni tó ń jẹ́ ẹ?

Ìyàwó àbúrò mi ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìn ọjà Ìtòkú. Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó tì í lórí àpótí, mo ń wò ó. Ó ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró dé ìgúnpá. Bó bá ti fa aṣọ kan jáde, á ní, "Jésù!" Aṣọ náà á kọ́kọ́ dà bí ewé tútù, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ni yóò máa dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni. Aṣọ mìíràn: "Jésù!" Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní JSS 2, bá bi í pé, "Màmi, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń pe orúkọ Olúwa lásán báyìí?" Ìyá ọmọ yíjú sí mi: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wọn ní Bíbélì, ẹ dá a lóhùn o."

Mo dá a lóhùn níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé kíláàsì Bíbélì wa lọ́jọ́ kejì, ńṣe ni ìbéèrè ń ya lù mí. Díẹ̀ nínú wọn nìyí.

Ìbéèrè: Ṣé ẹni tó bá ń ké "Jésù!" nígbà tí ẹrù bá wúwo ti rú òfin?

Ìdáhùn: Òfin tí ọmọ yẹn ń sọ wà nínú Ẹ́kísódù 20:7: "Ìwọ kò gbọdọ̀ pe orúkọ OLÚWA Ọlọ́run rẹ lásán." Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n tú sí "lásán" ní òfo nínú, ó sì ní irọ́ nínú. Léfítíkù 19:12 là á yéni: ẹ má fi orúkọ mi búra èké. Nítorí náà, kì í ṣe aláró tí aṣọ tútù ń fà lápá ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá ní, "Mo fi Jésù búra, iye tí mo rà á gan-an ni mo tà á fún yín yìí," tó sì ti jèrè ìlọ́po méjì, òun ni kó lọ tún òfin yẹn kà. Igbe aláró, bí mo ṣe gbọ́ ọ, àdúrà ni, kíkúrú ló kúrú. N kò sọ pé gbogbo igbe ló jẹ́ àdúrà o. Mo mọ bí tèmi ṣe máa ń jáde bí ọlọ́kadà bá já lù mí lójijì ní Láfẹ́ńwá.

Ìbéèrè: Àwọn Júù kì í pe orúkọ Ọlọ́run. Kí ló dé tí àwa ń pariwo Jèhófà?

Ìdáhùn: Lẹ́tà mẹ́rin ni orúkọ náà lédè Hébérù, YHWH, ó sì fara hàn nínú Májẹ̀mú Láéláé ju ìgbà 6,800 lọ. Wọn kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n pè é mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti bá a pàdé, "Adonai" ni wọ́n ń kà, ìyẹn Olúwa mi. Àwọn adàwékọ wá fi àmì fáwẹ̀lì Adonai sára lẹ́tà mẹ́rin náà kí òǹkàwé má bàa gbàgbé. Àwọn ará Yúróòpù tí kò mọ ìdí rẹ̀ ka méjèèjì pọ̀, ó di Jèhófà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìpè àtijọ́ rẹ̀ sún mọ́ Yahweh. Nínú Bíbélì tí a ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí ẹ bá ti rí OLÚWA ní lẹ́tà ńlá, orúkọ yẹn ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó wa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé wá, kò pe orúkọ mi rí. Àbúrò wa obìnrin, tí òun fi ọjọ́ orí jù dáadáa, Ìbàdíàrán ló ń pè é. Ta ló sì máa dé ààfin Aké, tí yóò ká Aláké mọ́ àárín àwọn ìjòyè, tí yóò wá pè é ní orúkọ àbísọ? Kábíyèsí ni. Gbogbo wa la mọ orúkọ náà, ẹnu wa ni kò gbà á. Nítorí náà n kì í bá ẹni tó ń pe Jèhófà jà, n kì í sì í fi Júù tó dákẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Yeshua ni orúkọ gidi, pé "Jésù" tí à ń pè kò dé ọ̀run. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Yeshua ni wọ́n ń pè é nílé, òótọ́ ni. Orúkọ kan náà ni pẹ̀lú Jóṣúà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé OLÚWA ń gbani là. Ìdí nìyẹn tí áńgẹ́lì fi ṣàlàyé fún Jósẹ́fù nínú Mátíù 1:21 pé òun ni yóò gba àwọn ènìyàn rẹ̀ là kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Gíríìkì kò ní ìró "ṣ", orúkọ ọkùnrin níbẹ̀ sì sábà máa ń parí pẹ̀lú "s". Yeshua wá di Iesous. Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ pé gbogbo eékún yóò kúnlẹ̀ ní orúkọ Jésù, Iesous ló kọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa tí ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí gé "s" kúrò. Bó bá jẹ́ ìró ni agbára wà, àwọn àpọ́sítélì gan-an ló kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ẹ tún wo èyí. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:6, oṣó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bar-Jésù, ọmọ Jésù! Nínú Kólósè 4:11, ẹnì kan wà tí ń jẹ́ Jésù, tí wọ́n tún ń pè ní Jústù, ó ń bá Pọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́. Orúkọ náà wọ́pọ̀ láàárín wọn bí Àjàyí ṣe wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ìbéèrè: Bí kì í bá ṣe ìró, kí ló dé tí a fi ń pè é nígbà méje, tí a ń tan àbẹ́là, tí a ń wá orúkọ mímọ́ tí ó bá Sáàmù kọ̀ọ̀kan mu?

Ìdáhùn: Mo ní láti rọra sọ èyí, torí mo ní ẹbí nínú ìjọ aládùúrà. Wòlíì Josiah Ositelu, tó dá ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, kọ àwọn orúkọ mímọ́ tó ní a fi hàn òun sílẹ̀, orúkọ tí kò sí nínú èdè kankan tí a mọ̀. Etí Yorùbá kò ní í ṣòro láti gba irú rẹ̀. Ọlọ́fọ̀ tó bá ń pọfọ̀, kì í bẹ igi tàbí ejò. Á ní òun mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn, orúkọ tó mọ̀ yẹn ló sì fi ń pàṣẹ fún wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló kó etí yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọmọ Skẹ́fà náà ní irú etí bẹ́ẹ̀. Nínú Ìṣe 19, wọ́n fi "Jésù tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù" lé ẹ̀mí èṣù. Ẹ̀mí náà ní òun mọ Jésù, òun sì mọ Pọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀yin? Ìhòòhò ni wọ́n sá jáde. Ẹ fi wé ọmọ tó lọ gba búrẹ́dì ní ìsọ̀ iwájú ilé: "Màmi ní kí ẹ fún mi, àwọn ń bọ̀ wá san án." Wọ́n á fún un. Ọmọ àjèjì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó gbọ́ gbólóhùn náà, lè sọ ọ́ láìṣi ọ̀rọ̀ kan, oníbúrẹ́dì á kàn wò ó: "Ta ni màmá ẹ?"

Ìbéèrè: Ògúndélé ni orúkọ ìdílé wa. Ṣé kí n yí i sí Jésùdélé?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù ní Abẹ́òkúta. Orúkọ Hébérù dà bíi tiwa: wọ́n máa ń fi orúkọ Ọlọ́run há inú rẹ̀. Èlíjà ní Jah nínú, Jeremáyà ní i, bí tiwa ṣe ní Olú, Ògún tàbí Ifá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀. Épáfíródítù: òrìṣà Áfíródáítì ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Àpólò: òrìṣà Àpólò. Hámè (Hermes): òrìṣà Gíríìkì mìíràn wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ibì kankan tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n lọ yí i padà.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà nítòsí. Wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Freetown ní 1825, ó gba Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846, ìlú wa níbí ló ti tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà. Lẹ́yìn ọdún méjì ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹni tó bá mọ Bíbélì á mọ̀ pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Orúkọ tuntun yẹn sọ ìtàn wọn, kò pa ti àtijọ́ rẹ́: títí dòní Àjàyí la ṣì ń pe ọmọ rẹ̀. Bí orúkọ tuntun bá ní ìtàn báyìí lọ́dọ̀ yín, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, tèmi ni pé kí ẹ fi Ògúndélé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni IHS tó wà lára aṣọ pẹpẹ?

Ìdáhùn: Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ Jésù lédè Gíríìkì ni. Kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. Títẹ orí ba nígbà tí a bá dárúkọ rẹ̀ náà ti pẹ́: Ìgbìmọ̀ Lyon ti 1274 ti pa á láṣẹ.

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ Jésù lórúkọ. Ṣé ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ tiwa?

Ìdáhùn: Lúùkù 2:21 ló sọ bẹ́ẹ̀, òfin Ábúráhámù ni wọ́n tẹ̀ lé. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni tiwa fún obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì, kí ọjọ́ kẹjọ tó wá di ti gbogbo ọmọ. Ohun tó wù mí jù nínú ẹsẹ Lúùkù yẹn ni ìparí rẹ̀: áńgẹ́lì ti sọ orúkọ náà kí wọ́n tó lóyún rẹ̀. Nílé wa, ẹbí á máa ju owó sínú abọ́ omi, ìyá àgbà á ní tòun, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ á ní tòun, orúkọ á pé méjìlá. Lọ́jọ́ ti Jésù, kò sẹ́ni tó rí àyè ju kọ́bọ̀ kan. Bí ẹ bá ka ọjọ́ kẹjọ láti Kérésìmesì, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni yóò bọ́ sí, ọjọ́ náà sì ni ìjọ Áńgílíkà fi ń rántí ìsọmọlórúkọ yẹn. Ìjọ Kátólíìkì ń ṣe ti Orúkọ Mímọ́ Jésù ní ọjọ́ kẹta oṣù kan náà. Ọ̀pọ̀ wa kì í mọ̀ nígbà tó ń kọjá, oorun àìsùn ọdún tuntun là ń sùn lọ́wọ́.