Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Oògùn Tí Kò Fẹ́ Ooru Nínú Ọkọ̀ Áńbúláǹsì

Oògùn tí ooru ti bà jẹ́ kì í sábà hàn lójú. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, máa ń mọ́ gaara nígbà tó lágbára; bí agbára rẹ̀ bá sì ti lọ, ó lè máa mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà, tẹmọ́mítà àti déètì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oxytocin máa wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ilé ìwòsàn, fíríìjì lè ṣe ìyẹn. Nínú ọkọ̀, ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá pa ínjìnnì: fíríìjì kékeré inú rẹ̀ á máa jẹ bátìrì, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn ọ̀sán l'Ékòó máa ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Bí ọkọ̀ bá ti dé ibùdó, ó yẹ kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ iná. Níbi tí iná kì í ti í dúró, kúlà ló kù.

Kúlà yìí gan-an ló ń ba oògùn jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Páàkì yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní fírísà lè mú kí oògùn tó fara kàn án dì, insulin (abẹ́rẹ́ àwọn alárùn àtọ̀gbẹ) tó bá sì ti dì kò ṣe é lò mọ́, kódà bó yọ́. Ṣe ni wọ́n ń kó páàkì náà síta ná, wọ́n á máa mì ín wò. Ìgbà tí omi bá ń ró nínú rẹ̀ ló tó kó sínú kúlà.

Àwọn oògùn kan wà tó lè fara da ìta fún ìgbà díẹ̀. Rocuronium, tó ń dẹ iṣan aláìsàn kí rọ́bà èémí tó ráyè wọ ọ̀fun rẹ̀, gbọ́dọ̀ di lílò láàárín 60 ọjọ́ tó bá ti kúrò nínú fíríìjì. Ìwọ̀n 25 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn o, kì í ṣe ooru inú ọkọ̀ tiwa. Déètì ọjọ́ tó jáde ni kí wọ́n kọ sára ìgò. Dídá a padà sínú òtútù kò sọ ọ́ di tuntun.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n pààrọ̀ oògùn. Fún gìrì tí kò dáwọ́ dúró, fíríìjì ni lorazepam ń gbé, ṣùgbọ́n midazolam kò nílò rẹ̀. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2012, gìrì ti dá kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn fún 73 nínú 100 àwọn tó gba midazolam sínú iṣan, àti 63 nínú 100 àwọn tó gba lorazepam sínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí wọ́n ti dán carbetocin wò, ìyẹn abẹ́rẹ́ ìyá lẹ́yìn ìbímọ, irú èyí tí ooru kì í tètè bà jẹ́. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Oògùn náà lè wà ní ìwọ̀n 30 fún ọdún mẹ́ta. Àmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya ni wọ́n ṣe ń lò ó. Fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára rẹ̀ kí áńbúláǹsì tó dé, oxytocin tó wà nínú òtútù ni wọ́n ṣì ń wá.