Ta ló sọ pé sáà méjì ni òfin fún aṣòfin?

"Ọnọrébù yẹn ti lo sáà méjì, òfin ò gbà á láàyè mọ́." Tí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwa èèyàn, láti ìdí ìwé ìròyìn dé orí WhatsApp. Àwọn mìíràn tiẹ̀ fi ń tu ara wọn nínú: ẹ fi í sílẹ̀, sáà kejì rẹ̀ nìyí, tó bá parí á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò síbì kankan nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 tó fi òté lé iye sáà tí aṣòfin lè lò, yálà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí l'Ábújà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà wò. Abala 182 ló to àwọn tí kò lè du ipò gómìnà lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ ló sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti dìbò yàn sípò náà lẹ́ẹ̀mejì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Abala 137 sọ ohun kan náà nípa ààrẹ. Nígbà tí wọ́n ṣàtúnṣe òfin lọ́dún 2018, wọ́n tún há a mọ́ra sí i: igbákejì tó bá gorí àléfà láti parí sáà ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè dìbò yàn án lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó kọ òfin mọ bí wọ́n ṣe ń dínà níbi tí wọ́n bá fẹ́ dí i.

Wàyí o, ẹ wo abala 107, tó wà fún ẹni tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún kò lè dé ibẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kò lè dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé ayédèrú ìwé ẹ̀rí fún àjọ INEC. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìbò, òun náà ò sí níbẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ sáà nínú rẹ̀. Ohun tí abala 105 sọ ni pé ọdún mẹ́rin ni ilé yóò lò, kó tó tú ká. Bí sáà náà bá ń lọ sópin, ẹni tó wà níbẹ̀ lè tún gba fọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó nìyí.

Mudashiru Ọbasá ti Èkó ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ọdún 2007 ló kọ́kọ́ wọlé láti ẹkùn Agége Kìíní. Wọ́n dá a padà ní 2011, 2015, 2019 àti 2023. Ìbò márùn-ún nìyẹn. Láàárín àkókò kan náà, Fáṣọlá ti lo sáà méjì rẹ̀ tán, Ambọ̀dé ti lo ẹyọ kan ó sì ti lọ, Sanwó-Olú náà ti bọ́ sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gómìnà mẹ́ta, aṣòfin kan, kò sì sí òfin tó tàpá sí.

Ọ̀rọ̀ Ọbasá yìí kan náà ló tún dá àṣìgbọ́ mìíràn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ nípò abẹnugan, wọ́n fi Mojísọ́lá Meranda láti Àpápá Kìíní rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan bínú, bí ẹni pé ọkùnrin náà ti kúrò nílé ìgbìmọ̀. Kò kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Abala 92 gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin láàyè láti yọ abẹnugan, èyí tó túmọ̀ sí 27 nínú 40 tó wà l'Ékòó. Ọ̀pá àṣẹ ni wọ́n lè gbà, kì í ṣe ìbò Agége. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó ti padà sórí àga abẹnugan.

L'Ábújà, Nicholas Mutu láti ìpínlẹ̀ Delta ti wà nílé aṣojú-ṣòfin láti 1999. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà wọlé ìbò Surulere Kìíní lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó lọ di olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì ààrẹ lọ́dún 2023.

Èrò tèmi ni pé ariwo "sáà kẹta" ọdún 2006 ló gbin ìgbàgbọ́ yìí sí wa lọ́kàn. Àbá ìgbà náà fẹ́ kí ààrẹ àti gómìnà lè lo sáà mẹ́ta, gbogbo ilẹ̀ gbóná, àwọn sẹ́nétọ̀ sì da àbá náà nù ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún. Láti ìgbà náà ni "sáà kẹta" ti di ọ̀rọ̀ èébú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú àwọn sẹ́nétọ̀ tó jókòó lọ́jọ́ náà ló lè padà wá fún sáà kẹta tàbí ìkarùn-ún tirẹ̀. David Mark, tó wà láàárín wọn, tún lo sáà mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó di 2019 kó tó kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà tí a ti wo àwòkọ́ṣe ìjọba yìí: sáà méjì ni ti ààrẹ wọn, àmọ́ Robert Byrd wà nílé aṣòfin àgbà fún West Virginia láti 1959 títí tó fi kú ní 2010.

Mi ò rò pé àwọn tó kọ òfin gbàgbé. Gómìnà nìkan ló ń paṣẹ àpò ìpínlẹ̀, aṣòfin kan kò ju ohùn kan nínú 40 lọ. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn la máa ń dè lókùn.

Ìpínkiri ni wàhálà ibòmíràn. "Ìlú wa ló kàn, ẹ̀yin ti lo sáà méjì." Àdéhùn láàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́ lèyí, ó sì lè jẹ́ àdéhùn tó dáa. Àmọ́ INEC ò ní yọ orúkọ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Kí ló wá lè mú aṣòfin kúrò? Àwọn olùdìbò lè pè é padà, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni. Ju ìlàjì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, kí INEC tó ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan padà láti Kogi Central ní 2025, àwọn 208,132 ló buwọ́ lùwé, àwọn olùdìbò ibẹ̀ sì jẹ́ 474,554. Ìdajì wọn jẹ́ 237,277, INEC ní ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Láti 1999, kò sí sẹ́nétọ̀ kan tí wọ́n tíì fi ọ̀nà yìí lé kúrò.

Ó wá ku ìbò. L'Ékòó, gbogbo ìjókòó 40 ni APC kó ní 2019. Ní 2023, ó kó 38, ẹgbẹ́ Labour rí méjì mú ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọjọ́ ìbò abẹ́lé ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí yóò wọlé, ọ̀pọ̀ oṣù kí a tó tò sílà. Káàdì ìdìbò INEC kò wúlò níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dá sí i. Bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbò lè má tiẹ̀ wáyé rárá.