Àmì Búlúù Tí Kì Í Dúró: Ohun Tí Fóònù Ṣì Lè Ṣe Lójú Ọ̀nà Nígbà Tí Dátà Bá Lọ

Ọkọ̀ ti jáde ní Ìṣẹ́yìn, ó doríkọ Ṣakí. Ilé ti tán lọ́tùn-ún lósì, oko ẹ̀gẹ́ àti igi òrí ló kù. Lókè ojú fóònù, 4G ti di 3G, 3G ti di E, kò sì pẹ́ tí "No service" fi gba ipò gbogbo wọn. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ṣí máàpù tó ti ń wò bọ̀ láti Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà ti pòórá níbẹ̀, orúkọ ìlú kò sí mọ́, àyè eléérú lásán ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n àmì róbótó aláwọ̀ búlúù yẹn ṣì ń rìn. Ọkọ̀ yà, òun náà yà. Màlúù dí ọ̀nà, ọkọ̀ dúró, òun náà dúró.

Ta ló ń sọ fún un?

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí" la máa ń sọ, bí ẹni pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan ń gbà wọ inú fóònù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí dátà ń gbà wà lọ́tọ̀. Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ (SMS) lè máa lọ níbi tí dátà ò dé. Èyí tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà kò tilẹ̀ fi dandan nílò òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kankan. Ojú ọ̀run ló ti ń wá.

Sátẹ́láìtì bíi 31 ni Amẹ́ríkà ní tó ń yí ayé po fún iṣẹ́ GPS, ètò tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà, wọ́n sì ga tó kìlómítà 20,200 sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yí ayé ká. Nítorí ogun ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ọdún 1978 ni àkọ́kọ́ gòkè, ọdún 1995 ni wọ́n kéde pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìkéde rẹ̀ rú díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Ṣáínà ní BeiDou, àwọn ará Yúróòpù ní Galileo. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́jà lónìí ló ń tẹ́tí sí ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí sátẹ́láìtì ń kéde kò pọ̀. Àfi bí akéde tó ń lu agogo káàkiri ìlú: èmi lágbájá rèé, ibi báyìí ni mo wà, aago báyìí ló lù. Ó tán. Ìkéde náà ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀, bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, yóò lò tó 67 nínú rẹ̀ kó tó balẹ̀. Fóònù á wo ìgbà tí ìkéde kúrò lọ́run àti ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ìyẹn mọ bí akéde ṣe jìnnà tó.

Jíjìnnà sí ibì kan ṣoṣo kò tíì sọ ibi tí èèyàn wà. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan wà ní kìlómítà 30 sí Ọ̀yọ́, ó lè wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè wà lápá Ìbàdàn, ó sì lè wà lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi kún un pé kìlómítà 20 ni sí Ìṣẹ́yìn, ibi méjì péré ló kù tó lè wà. Ìlú kẹta ni yóò wá já a. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóònù ń ṣe pẹ̀lú sátẹ́láìtì, àmọ́ mẹ́rin ló nílò, kì í ṣe mẹ́ta, aago ọwọ́ rẹ̀ ló sì fà á. Aago olówó iyebíye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá ló wà nínú sátẹ́láìtì. Ti inú fóònù kò ju aago ọjà lọ. Bí aago yẹn bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, mítà 300 ni àṣìṣe rẹ̀ lórí ilẹ̀. Sátẹ́láìtì kẹrin ni fóònù fi ń tún aago ara rẹ̀ ṣe. Ní gbangba tí ohunkóhun ò bo ojú ọ̀run, ó lè mú ibi tó wà dé nǹkan bíi mítà márùn-ún.

Ayé náà kò sì róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ó wú níbì kan, ó tẹ̀ níbì kan. Gladys West, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Virginia lọ́dún 1930, wà lára àwọn tó jókòó ti ìṣirò bí ayé ṣe rí gan-an, ní ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Dahlgren. Ìṣirò yẹn wà lára ìpìlẹ̀ tí GPS dúró lé. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ kí ayé tó máa dárúkọ rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, fóònù kò fọ èsì kankan padà sókè. Ó ń gbọ́ ni, bí rédíò ṣe ń gbọ́. Sátẹ́láìtì kò mọ ẹni tó ń tẹ́tí sí i, kò sí ẹni tó ń gba owó lórí rẹ̀, síìmù tilẹ̀ lè má sí nínú fóònù rárá. Àwọn kan máa ń pa dátà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí wọ́n wà. Èyí tí wọ́n mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn kò ju ìdajì lọ. Fóònù ṣì mọ̀, ààpù tó bá ní àṣẹ sì lè kọ ọ́ pamọ́ títí dátà yóò fi padà.

Níbo wá ni dátà ti ń wúlò fún GPS? Ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí fóònù tó lè lo sátẹ́láìtì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ ipa ọ̀nà tí sátẹ́láìtì náà ń tọ̀. Sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ń ka àkọsílẹ̀ yìí jáde, àmọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń kà á: ìṣẹ́jú-àáyá 30 fún ti ara rẹ̀ nìkan, ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀ kó tó ka ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán. Bí dátà bá wà, fóònù á rí i gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kíá. Ìdí nìyí tí fóònù tí wọ́n ti pa láti ìjẹta, tí wọ́n wá tàn sáàárín igbó, fi máa ń wá ara rẹ̀ títí kó tó rí i. Ẹni tó bá tan location nígbà tó ṣì wà ní gáréèjì, tó gbé fóònù sẹ́bàá gíláàsì iwájú ọkọ̀, kò ní rí ìṣòro yìí. Abẹ́ páànù kò dára fún un. Àárín àwọn ilé gogoro bíi ti Marina l'Ékòó náà kò dára, torí ìkéde máa ń ta lára ògiri kó tó dé, fóònù á sì rò pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá.

Àmì búlúù ti yé wa. Máàpù ńkọ́? Àwòrán ni, ó sì wúwo. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan níbi jíjìn ni ààpù ti ń fà á wá ní ẹyọ-ẹyọ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ìyẹn ló fi ń pòórá nígbà tí dátà bá lọ. Ohun tó kù ni kí wọ́n di í mọ́ ẹrù kí wọ́n tó kúrò nílé. Google Maps ń jẹ́ kí èèyàn yan agbègbè kan kó sì gbà á sórí fóònù. Yóò tọ́ awakọ̀ sọ́nà láìsí dátà, àmọ́ kò ní sọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, kò sì ní tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ sọ́nà. Èyí tí wọ́n bá gbà báyìí máa ń bàjẹ́ bí oúnjẹ inú agolo bí wọn ò bá sọ ọ́ dọ̀tun kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Organic Maps ní tirẹ̀ kò mọ̀ ju ká gba máàpù sílẹ̀ lọ. Orí OpenStreetMap ló ti ń mú tirẹ̀, iṣẹ́ tí Steve Coast dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀nà abúlé rẹ̀ kún. Nítorí náà, abúlé tó bá ní ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn á ní ọ̀nà oko lórí máàpù. Èyí tí kò bá ní, á dà bí aṣálẹ̀. Bí máàpù àti ọlọ́kadà tó wà ní oríta bá sọ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra, ti ọlọ́kadà ló yẹ ká gbà.

Máàpù lè má sí rárá, kí ibi tí èèyàn wà ṣì ṣeé sọ. Nọ́ńbà méjì ni. Ṣakí wà ní nǹkan bíi 8.67 ní àríwá àti 3.39 ní ìlà-oòrùn. Bí nọ́ńbà mẹ́rin bá tẹ̀ lé àmì tóńtó náà dípò méjì, àṣìṣe rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi mítà mọ́kànlá lọ. Nọ́ńbà méjì yìí kò sì wúwo: àtẹ̀jíṣẹ́ lè gbé e.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí lágbára ju bí a ṣe fojú rẹ̀ sí lọ. Ojú ọ̀nà tóóró tí fóònù àti òpó fi ń kí ara wọn, tí wọ́n fi ń bára wọn mọ ibi tí oníkálukú wà, ni ó ń gbà. Nítorí náà ó lè yọ́ kọjá níbi tí ìpè ti ń já. Bí fóònù ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí kò bá sí nítòsí, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù á tọ́jú rẹ̀, á sì tún gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà 160, tí àyè àárín ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ka álífábẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ fún un: à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí, á, í, ó àti ú náà kò sí. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọ inú ọ̀rọ̀, fóònù á pa álífábẹ́ẹ̀tì náà tì fún gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, 160 á sì di 70. Bí ó bá wá ju 70 lọ, wọ́n á gé e sí 67-67. Ẹ̀rọ sì ń ka "ẹ́" ní méjì: ẹ lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ "Mo ti de Iseyin" san owó ojú ewé kan fún ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹni tó fi àmì sí i dáadáa lè san ti mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Kóòdù bíi *310# tí wọ́n fi ń wo owó ìpè, àti ti báǹkì tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́, kò nílò dátà. Wọ́n yàtọ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́ ní ọ̀nà kan tó ṣe pàtàkì: kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Bí ìpè ni, ó gbọ́dọ̀ máa lọ lójú ẹsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọkọ̀ bá kúrò lábẹ́ òpó láàárín kí wọ́n tẹ nọ́ńbà àṣírí (PIN) àti kí èsì dé, "Connection problem or invalid MMI code" ló máa jáde, gbólóhùn yẹn kò sì sọ bóyá owó ti lọ tàbí kò lọ. Ká wo iye tó kù nínú àpò báǹkì ká tó tún kóòdù tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òun ló dára.

Òpó 2G, ti ìran àtijọ́ tó ń gbé ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́, ní ààlà tí kì í sábà kọjá: kìlómítà 35. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ tán. Ńṣe ni àwọn fóònù tó wà lábẹ́ òpó kan ń gba ọ̀rọ̀ sọ níkọ̀ọ̀kan, ó yí mi kàn, ó yí ọ kàn. Òpó ló ń sọ fún èyí tó jìnnà pé kó tètè bẹ̀rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè bọ́ sí àsìkò rẹ̀. Ìtètè yìí níbi tó lè dé mọ. Fóònù tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa bọ́ sí àsìkò ẹlòmíì, òpó kò sì ní dá a lóhùn. Òkè àti igbó kì í sábà jẹ́ kó tó 35 náà.

Níbi tí òpó ti jìnnà, fóònù á máa pariwo. Agbára tó fi ń pe òpó á pọ̀ sí i, bí kò bá rí ọ̀kan á tún wá òmíràn, bátìrì á sì máa lọ nínú àpò ẹni tí kò fọwọ́ kàn án. Flight mode ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, GPS ṣì ń gbọ́ nígbà tí flight mode wà lórí, torí gbígbọ́ kì í ṣe ariwo.

Lápá Ṣakí sí ẹnubodè, fóònù tún lè gbọ́ òpó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kó sì lọ sùn síbẹ̀. Bí data roaming, ìyẹn àṣẹ láti lo dátà lórí òpó àlejò, bá wà ní títàn, owó ìpè á jó lọ láìsí ẹni tó kọjá ẹnubodè.

Níkẹyìn, "No service" àti "Emergency calls only" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà la fi ń wò wọ́n. Èkíní ní fóònù kò gbọ́ òpó kankan. Èkejì ní ó gbọ́ òpó, àmọ́ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù rẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì bíi 112 nìkan ni òpó àlejò yẹn máa gbé fún un. Ìyẹn ni pé òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn wà nítòsí, ẹni tó bá ní síìmù kejì nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti yọ ọ́.