Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ikú pa oníbàárà lẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ o

Ó ti sú mi o. Oníléeṣẹ́ á gbé fóònù ẹ̀ síwájú mi, á ní "Mà, ẹ wo àdífáàtì àwọn òyìnbó yìí, èèyàn kú níbẹ̀, gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe fún wa." Ẹ má rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà mí, iṣẹ́ ìpolówó ni mo fi ń jẹun. Àwọn tó ní ká má gbé pósí sórí tẹlifíṣọ̀n rárá torí á ba ọjà jẹ́ tiẹ̀ ń bí mi nínú jù, alágbà kan fẹ́ ká ta òróró sí kámẹ́rà. Ìranù! Àwa tá à ń gbé òkú àgbà jó yíká àdúgbò?

Ibi tẹ́rìn-ín náà ń bọ́ sí ni kẹ́ ẹ wò. Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Melbourne ya kàtúùnù àwọn kan tí ìwà òmùgọ̀ ara wọn ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan, eléyìí dáná sun irun orí ẹ̀, tọ̀hún lọ fi igi tọ́ béárì, títí ó fi kan àwọn tó ń ṣeré létí ojú irin. Ayé rẹ́rìn-ín, wọ́n gba Grand Prix, ẹ̀bùn tó ga jù, márùn-ún níbi àjọ̀dún ìpolówó ní Cannes lọ́dún 2013. Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni nínú kàtúùnù yẹn. Àmọ́ lọ́dún 2007, nígbà Super Bowl, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, GM, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, gbé rọ́bọ́ọ̀tì kan jáde, skúrù kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ wọ́n lé e níṣẹ́, ló bá bẹ́ sómi látorí afárá. Àlá ni, irin sì ni, ṣùgbọ́n GM fúnra ẹ̀ ń dín òṣìṣẹ́ kù nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ ò rí irin, ara ẹ̀ ló rí. Ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìpara-ẹni pariwo, GM yọ ibi afárá yẹn kúrò. Ti Hyundai, àwọn náà ń ṣe mọ́tò, ní UK lọ́dún 2013 ló burú jù: ọkùnrin kan ti ara ẹ̀ mọ́ gáréèjì kí èéfín mọ́tò lè pa á, kò kú, torí omi lásán ni mọ́tò ọ̀hún ń tú jáde. Obìnrin kan ní London tó ń kọ ìpolówó bíi tèmi, tí bàbá ẹ̀ kú bẹ́ẹ̀, kọ lẹ́tà sí wọn ní gbangba. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n gbé e kúrò.

Tí mo bá ń dán ìpolówó wò, mi ò kí ń bi àwọn òǹwòran pé ṣó dùn. Mótò tẹ́ ẹ fi gbé wọn wá àti mínírà tẹ́ ẹ rà fún wọn ló máa dáhùn. Mo máa ń kọ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Ọmọ Yorùbá tí nǹkan burúkú bá sún mọ́ ọn, ọwọ́ ẹ̀ á yí orí, á ta ìka, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, orúkọ ọjà yín ti kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, kò gbọ́. Tó bá sì gbọ́, ó tún burú jù, ó ti fi orúkọ yín kún nǹkan tó ń lé lọ. Tẹ́rìn-ín bá ṣáájú ọwọ́, ó ṣeé tún gé. Tọ́wọ́ bá ṣáájú, ẹ dà á nù.

Ọkùnrin kan tó ń ta sólà fẹ́ ká ṣe ìdílé kan tó sùn fọnfọn, kí aládùúgbò máa ní "àwọn wọ̀nyí mà gbádùn oorun o", kó tó hàn pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa wọ́n. A dán an wò. Bàbá kan lẹ́yìn ò tiẹ̀ ta ìka, ó kàn mú fìlà ẹ̀ ó jáde. Ta ni ò mọ ilé kan l'Ékòó tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí wọn ò jí? Mo fi ti Hyundai hàn án, kò gbọ́, ó gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ẹ́sípáàtì, tó ní kí wọ́n ṣáà máa dárúkọ ẹ, ì báà jẹ́ èébú. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì gba àṣẹ ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìpolówó ní Nàìjíríà, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ARCON ń ṣọ́. Irọ́ gbuu! Òfin ọdún 2022 kan íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ARCON tìtorí ẹ̀ pe àwọn tó ni Facebook lẹ́jọ́ lọ́dún yẹn náà nìyẹn. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti gbé fọ́tò àwọn àbúrò ẹ̀ méjì sábẹ́ ẹ̀, orúkọ wọn nìkan ló kọ.

Ọ̀gá tó ń ta sólà ti padà wá o. Ó ṣì ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, jẹnẹrétọ̀ ló máa kú: ká tẹ fọ́tò ẹ̀ sórí pósítà òkú, ká ran aṣọ ẹbí, kí mẹkáníìkì máa yí nílẹ̀, kó jẹ́ pé ẹni tó ń ta epo ló máa sunkún jù. Ó lóun á rò ó. Owó àsansílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rò.