Láti Ibùdó Ìsádi sí Ilé Gidi: Ìlú Chicago Ni Iṣẹ́ Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí àjálù bá lé èèyàn kúrò nílé, ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ wá. Ìyẹn kì í le púpọ̀: gbọ̀ngàn ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, pápá ìṣeré, àgọ́, kò sí èyí tí kò ṣeé sùn sí. Ibi tó le ni bí onítọ̀hún yóò ṣe kúrò níbẹ̀ bọ́ sínú ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní lé e jáde lóṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni èyí, ó sì ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ń pe ibẹ̀ ní San Francisco, lọ́dún 1906. Àwọn kan tún ń sọ pé òfin ìjọba Amẹ́ríkà lórí àjálù lọ́dún 1974 ló bí i, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kúrò nínú àgọ́ rí kí òfin yẹn tó jáde. Chicago ni, lóṣù kẹwàá ọdún 1871. Ká tó dé ibẹ̀ ṣá, ó yẹ ká ya Róòmù.

Lọ́dún 64 lẹ́yìn ìbí Kristi, iná jó Róòmù. Nínú àdúgbò mẹ́rìnlá tí ìlú náà pín sí, mẹ́rin péré ni iná ò dé. Mẹ́ta di eérú pátápátá. Òpìtàn Tacitus kọ ọ́ pé Nero, olú ọba Róòmù, ṣí pápá Campus Martius àti ọgbà tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò nílé mọ́, pé wọ́n sáré kọ́ àtíbàbà síbẹ̀, wọ́n kó ohun èlò wá láti Ostia, èbúté Róòmù, àti àwọn ìlú ìtòsí, wọ́n sì já owó ọkà wálẹ̀ sí sestertius mẹ́ta, owó ẹyọ ìgbà yẹn. Nígbà tó kan àtúnkọ́, Nero ṣèlérí ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá parí ilé rẹ̀ kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Ó tún pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tó bá kó ọkà gòkè odò Tiber wá máa kó àwókù lọ dà sínú irà Ostia nígbà tó bá ń padà. Ọlọ́gbọ́n ètò nìyẹn: ọkọ̀ kankan ò rin òfìfo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àtíbàbà àti ilé tuntun ni Tacitus fò dá. Ká ro ó wò: ayálégbé ló pọ̀ jù lára ará Róòmù, inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní insula ni wọ́n ń gbé, ẹ̀bùn owó yẹn sì di ti onílé. Òfin tuntun ní kí wọ́n lo òkúta Gabii tàbí ti Alba tí iná ò lè jó, kí ilé má sì pín ògiri pẹ̀lú òmíràn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ó sì jọ pé owó ilé gòkè kọjá ohun tí ẹni tó ti àtíbàbà bọ̀ lè san. Àwọn akọ̀wé tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ń gba ọkà ti wà nílùú náà tipẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn náà ló ń ka àwọn èèyàn tó wà ní Campus Martius. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Róòmù ní ìwé orúkọ, ó ní ibi ìsùn, ó sì ní owó fún onílé. Ẹni tí yóò mú ayálégbé lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé tuntun ni kò ní, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi lè fún un ní ipò ìpilẹ̀ṣẹ̀.

London sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ọdún 1666 jó nǹkan bí ilé 13,200, àwọn èèyàn sì kó lọ sí Moorfields àti pápá Islington. Àìsí bíríkì nìkan kọ́ ló dá wọn dúró síbẹ̀. Àdéhùn ilé ìgbà yẹn mú un ní ọ̀ranyàn fún ọ̀pọ̀ ayálégbé láti tún ilé ṣe, kí wọ́n sì máa san owó ilé lọ, bí ilé náà tilẹ̀ ti di eérú. Ta ló fẹ́ kọ́lé lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Ilé aṣòfin dá Kóòtù Iná sílẹ̀, ó jókòó sí Clifford's Inn, àwọn adájọ́ rẹ̀ sì lágbára láti dín owó ilé kù, láti fi ọdún kún àdéhùn tàbí láti fagi lé e, kí ẹni tó lówó lè bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé. Wọ́n tú okùn tó so onílé mọ́ ayálégbé, ṣùgbọ́n wọn ò fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ti Lisbon, ní Pọ́túgà, tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó lọ́dún 1755, dùn ún sọ. Ìjọba de owó ilé kí àwọn onílé má bàa sọ àjálù di ọjà, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé títí wọn yóò fi wọn ilẹ̀ tán. Ọba José Kìíní fúnra rẹ̀ bọ́ sínú àgọ́. Ẹ̀rù òrùlé òkúta bà á débi pé ààfin pákó ni wọ́n kọ́ fún un ní Ajuda, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ilé títí ó fi kú lọ́dún 1777. Iná ló padà wá jó ààfin náà lọ́dún 1794. Ṣùgbọ́n ọba kì í tò sórí ìlà, nítorí náà ìtàn rẹ̀ ò kọ́ wa ní nǹkan kan nípa bí aráàlú ṣe rílé.

Ó wá kan Chicago. Iná bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1871, ó jó wọ ọjọ́ 10. Nǹkan bí 100,000 èèyàn, ìdá kan nínú mẹ́ta ará ìlú, ló di aláìnílé, ìgbà òtútù sì ti dé tán. Lọ́jọ́ 13, mẹ́yọ̀ Roswell Mason gbé gbogbo ètò ìrànwọ́ lé ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́wọ́, Chicago Relief and Aid Society, tó ti wà ṣáájú iná náà. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé gbígbé jókòó: ṣé kí wọ́n kó gbogbo èèyàn sínú bárékè ni, àbí kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀? Bárékè ló yá, òun ló sì dín owó. Wọ́n kọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ìdí tí wọ́n kọ sínú ìròyìn ẹgbẹ́ náà ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ tó ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá kó irú wọn jọ sójú kan fún gbogbo ìgbà òtútù, àìsàn á máa ràn láti yàrá dé yàrá, ìwà á bàjẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á sì gbàgbé iṣẹ́.

Irú méjì ni ilé tí wọ́n kọ́. Ti ìdílé tó ju èèyàn mẹ́ta lọ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 16; ti ẹni mẹ́ta gùn ní 16, ó fẹ̀ ní 12. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọn kì í sì í fún èèyàn ní ilé òfìfo. Sítóòfù ìdáná pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, tábìlì, àga, bẹ́ẹ̀dì, ohun ìtẹ́sùn, àti abọ́ tó tó ìdílé náà jẹun ń bá a wọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ilé ńlá jẹ́ dọ́là 125. Láàárín oṣù kan àbọ̀ sí ìgbà iná náà, wọ́n ti kọ́ ju 5,000 lọ. Nígbà tí ètò náà parí, ó kù díẹ̀ kó pé 8,000.

Orí ilẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi dá lé. Kì í ṣe pápá ìjọba ni wọ́n ń gbé ilé wọ̀nyí kà. Ilẹ̀ tí ìdílé náà ní, tàbí èyí tí wọ́n háyà, ni. Akọ̀wé ò lè fún ẹnikẹ́ni nílé láìkọ́kọ́ bi í: ilẹ̀ wo nìyẹn, ta ló ni ín, èèyàn mélòó lẹ jẹ́, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Àwọn aṣèbẹ̀wò wà tí wọ́n ń lọ wò ó bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹgbẹ́ náà tún ń ran àwọn obìnrin kan lọ́wọ́ láti ní ẹ̀rọ ìránṣọ, kí owó lè máa wọlé. Ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé tó ní ohun èlò nínú, ìbẹ̀wò, àti ọ̀nà àtijẹ: ẹ wá fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yìí èyíkéyìí lónìí, àwọn nǹkan yìí ló wà lórí rẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ náà ti ibẹ̀ wá. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò sì rí ilẹ̀ háyà, bárékè ló kù fún un. Nǹkan bí ìdílé 1,000 ló bá a lọ, lójú ibi mẹ́rin, yàrá méjì fún ìdílé kan, pẹ̀lú dókítà àti ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn. Ilé pákó náà sì kó ìjọba ìlú sí ìṣòro, nítorí kò pẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi òfin lé ilé pákó kúrò nílùú tí pákó ti jó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1872 àwọn òṣìṣẹ́ wọ́de lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú lórí rẹ̀.

San Francisco wá ńkọ́? Ìmìtìtì ilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹrin 1906, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé pákó 5,610 tí wọ́n fi ń yangàn, èyí tó kéré jù lọ nínú wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 10. Ohun kan ni mo gbà pé ó tuntun níbẹ̀: ìdílé ń san dọ́là 2 lóṣù, èyí sì ń wọnú dọ́là 50 tí í ṣe iye owó ilé náà. Nígbà tí wọ́n ń ti ibùdó inú ọgbà ìlú pa, ẹni tó bá rí ilẹ̀ yóò fi ẹṣin wọ́ ilé tirẹ̀ lọ. Àwọn kan so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ilé kan, díẹ̀ nínú wọn ṣì wà nílùú náà. Ó dára. Àmọ́ ọmọ Chicago ni.

Messina, ní Ítálì, ló fi hàn wá bí àìparí iṣẹ́ ṣe ń rí. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1908, wọ́n kọ́ ilé pákó fún ìgbà díẹ̀, láìsí ọjọ́ tí wọn yóò kúrò àti ibi tí wọ́n ń lọ. Títí di 2021 ni ìjọba ṣì ń ṣòfin láti kó àwọn èèyàn kúrò ní àdúgbò ahéréahéré tó hù láti ara rẹ̀. Halifax, ní Kánádà, tẹ̀ lé ọ̀nà mìíràn: lẹ́yìn ìbúgbàù ọdún 1917, wọ́n kọ́ àdúgbò Hydrostone, ilé tó lé ní 300, kì í sì í ṣe pákó.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Japan ṣe òfin ìrànwọ́ àjálù lọ́dún 1947, wọ́n sì ń kọ́ ilé ìgbà díẹ̀ tí èèyàn lè gbé fún ọdún méjì. Ní Kobe, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1995, wọ́n kọ́ ju 48,000 lọ, wọ́n fi ìbò pín in, wọ́n ní kí àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara kọ́kọ́ wọlé. Àánú ni, ṣùgbọ́n ó fọ́n aládùúgbò ká, ó kó àwọn tí ara wọn ò le jọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n, ju igba èèyàn lọ ló sì dá kú sínú ilé wọ̀nyí. Ní Niigata, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2004, wọ́n kó abúlé pọ̀ lódindi. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011, ìjọba ń san owó ilé háyà; ó yá ju kíkọ́lé lọ, àmọ́ ó ṣòro láti mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọ́n sí. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà ni wọ́n pín, afẹ́fẹ́ formaldehyde tó ń pa èèyàn lára kún inú rẹ̀. Ètò owó ilé tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ayálégbé máa san dọ́là 50 láti 2008, kó sì máa fi 50 kún un lóṣooṣù títí ìrànwọ́ yóò fi tán.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nísinsìnyí, ìyàsọ́tọ̀ ló ń ṣáájú, kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé: onílé, ayálégbé, àti ẹni tí kò nílé kí àjálù tó dé. Onílé nílò owó àtúnṣe àti ìwé ìbánigbófò. Ayálégbé nílò ilé òfìfo, owó oṣù àkọ́kọ́, owó ìdúró tí onílé ń gbà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, àti ẹni tí yóò bá onílé sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, kí ẹnì kan lọ wo omi, iná, kọ́kọ́rọ́ àti àtẹ̀gùn, kó sì ka ìṣẹ́jú tí ọmọ yóò fi dé ilé ìwé; ilé tó jìnnà síṣẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń fi sílẹ̀. Ìwé ìdánimọ̀ tó sọnù ni kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa, nítorí òun ló ń pẹ́ jù.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni kíkéde ọjọ́ tí ibùdó yóò tì kí ilé tó wà. Àwọn èèyàn á dín kù lóòótọ́, wọ́n á ti bọ́ sínú ọkọ̀ tàbí sórí ilẹ̀ pálọ̀ ẹbí, ìwé ìjọba á sì kọ wọ́n sílẹ̀ pé wọ́n ti kúrò. Kí akọ̀wé kọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, kó sì pè é ní oṣù kan, mẹ́ta àti mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kẹta, àwọn tí kò nílé kí àjálù tó dé, ni yóò kẹ́yìn ní ibùdó. Òfin tó ń béèrè ẹ̀rí ibi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ ń tì wọ́n jáde, gẹ́gẹ́ bí àìnílẹ̀ ṣe ti ìdílé 1,000 yẹn sí bárékè ní Chicago. Fún wọn, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ibùdó gbọ́dọ̀ tó, a ò sì gbọ́dọ̀ ti fáìlì wọn pa lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó ilé oṣù mélòó kan tí ìrànwọ́ kankan ò sí nínú rẹ̀.