Ibi tí ìbàdí wà gan-an: bí aṣọ ọ̀rẹ́ ìyàwó ṣe ń bá ara mu

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí aṣọ fẹ́ràn kí wọ́n máa fi èso pín obìnrin: ẹni yìí rí bí ápù, tọ̀hún rí bíi píà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn tó ń ta èso. Ibi tí ojú rírán bọ́ sí lára ló ń pinnu bóyá aṣọ máa yẹ èèyàn, télọ̀ tó mọṣẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ìyàwó á yan sítáì kan, á ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́fà fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tó wà ní London á ní 12 lòun ń wọ̀, èyí tó wà ní Houston á ní 8, bẹ́ẹ̀ ara kan náà ni wọ́n ní, torí 12 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò jìnnà sí 8 ti Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà nílé á kọ ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti ìgbáròkó. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rántí ni ohun tí àwọn télọ̀ ń pè ní half length: láti èjìká, gba orí ọmú, sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí.

Òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní obìnrin méjì ní àyà 38, ìbàdí 32, ìgbáròkó 42. Lórí ìwé, ẹnì kan náà ni wọ́n. Àmọ́ half length èkíní jẹ́ ínṣì 15, ti èkejì jẹ́ 17. Télọ̀ tí kò fojú rí wọn á fi 16 gé aṣọ àwọn méjèèjì. Lára èkíní, ojú rírán ìbàdí á sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ara ti ń fẹ̀ lọ sí ìgbáròkó. Kò ní gbà á níbẹ̀, á máa sún sókè wá ibi tó tín-ín-rín, aṣọ tó ṣẹ́kù lókè á sì ká jọ sẹ́yìn àti síwájú. Àwọn èèyàn á ní, "Háà, ó ti níkùn o!" Ikùn wo? Aṣọ ló ká jọ. Lára èkejì, ojú rírán náà á fún un ní egungun ìhà, ibi tí télọ̀ tú sílẹ̀ fún ìgbáròkó á sì ti fẹ̀ kó tó débẹ̀, á wá wú lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbàdí dà bíi híńjì ilẹ̀kùn. Bí káfíńtà bá kàn án síbi tí kò bá férémù mu, ilẹ̀kùn á máa ha ilẹ̀, á máa dún, onílé á sì dojú ìbínú kọ pákó. Á ní òjò ló pa á tó fi wú, á pe ẹlòmíì kó wá fá a, wọ́n á fá a títí tí ilẹ̀kùn á fi kéré ju ojú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ á ṣì máa ha ilẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ ìyàwó pé kó dín ẹ̀bà kù.

Láti mọ ibi tí ìbàdí wà, kí èèyàn so okùn yí ikùn ká, kó wá tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ibi tí okùn bá fúnra rẹ̀ jókòó sí ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ga ju ìdodo lọ.

Ohun tó tún ń bíni nínú ni ọ̀rọ̀ pé aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ló yẹ òròbó. Aṣọ tí kò ní dáàtì, ìyẹn ibi tí télọ̀ ti ṣẹ́ aṣọ pọ̀ tó sì rán an kó lè bá ara wọlé, ibi tó yọ jù lára ló ti ń já sílẹ̀. Bí ọmú bá tóbi, orí ọmú ló ti máa já sílẹ̀ tààrà. Aṣọ ò mọ̀ pé ara wọlé lábẹ́ ibẹ̀. Gbogbo ara á wá dà bíi pé ó yọ tó àyà. Dáàtì méjì tó gbé aṣọ wọlé lábẹ́ ọmú ti tó láti tún un ṣe, bí ẹnu dáàtì bá ti dúró ní nǹkan bí ínṣì 1 kó tó dé orí ọmú. Bí ó bá débẹ̀, àyà á yọ ṣóńṣó. Ẹni tó níkùn tàbí tó lóyún, abẹ́ ọmú ni kí wọ́n gbé ojú rírán sí, torí ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù lára rẹ̀.

Aṣọ tí kò léjìká ńkọ́? Ọ̀pọ̀ télọ̀ ń fún àyà pa kó má baà bọ́, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ló yẹ kó gbé e. Rìbọ́ǹnù líle tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ níbi ìbàdí, tó ní ìkọ́ tirẹ̀, ló ń gba ìwúwo síkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ẹ bá rí tó ń fọwọ́ méjèèjì fa aṣọ sókè níwájú onílù, àfàìmọ̀ ni rìbọ́ǹnù yẹn fi wà nínú tirẹ̀.

Ètò aṣọ ẹbí ti yanjú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ tipẹ́. Léèsì kan náà, yáàdì 5, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ bá télọ̀ tó mọ ara rẹ̀. Ìró àti bùbá àwọn ìyá tiẹ̀ tún gbọ́n jù ú lọ: ibi tí obìnrin bá ti so ìró ni ìbàdí rẹ̀ wà, kò sí télọ̀ tó lè ṣì í rán. Àbùkù ètò náà ò ju pé yáàdì 5 tí wọ́n ń tà fún lẹ́pa náà ni wọ́n ń tà fún òròbó.

Bí ìyàwó bá wá ń bẹ̀rù pé fọ́tò ò ní dọ́gba bí wọ́n bá rán aṣọ náà bí ara kálukú ṣe rí, etí ìsàlẹ̀ aṣọ ni kó mójú tó. Láti ilẹ̀ ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n lọ sókè, kí bàtà ọjọ́ náà sì wà lẹ́sẹ̀ kálukú. Bí etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ga bákan náà sílẹ̀, tí àwọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìbàdí aṣọ ẹnì kan fi ínṣì 2 ga ju ti ẹni tó dúró tì í lọ.