Bí a ṣe ń dá orísun X-ray mọ̀ lójú ọ̀run

Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká kì í jẹ́ kí X-ray ojú ọ̀run dé ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí awò awọ̀nàjíjìn tó ń wá a fi gbọ́dọ̀ wà lókè lọ́hùn-ún. Uhuru, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti etíkun Kẹ́ńyà lóṣù Kejìlá ọdún 1970, ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n tìtorí iṣẹ́ yìí nìkan ṣe. Orísun 339, ìyẹn ohun ojú ọ̀run tó ń tú X-ray jáde, ló wà nínú àkójọ rẹ̀ tó kẹ́yìn. Èyí tí awò eROSITA ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní 2024 lé ní 900,000, ìdajì ojú ọ̀run péré sì ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni awò náà ya fọ́tò, tí ẹnì kan sì jókòó tó ń ka àmì funfun inú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí awò bíi Chandra ń fi ránṣẹ́ ni àtẹ gígùn kan tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró fún photon kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ: ibi tó bà, àkókò tó dé, àti bí agbára rẹ̀ ti tó. Inú àtẹ yìí ni wọ́n ti ń yọ àwòrán.

Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ tí wọ́n fi táìlì tẹ́, tí òjò wínníwínní ń kán sí. Èérún agbára tó ń fò kiri nínú òfurufú, àti ìmọ́lẹ̀ X-ray fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú ọ̀run, ni òjò náà; apá kékeré kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán ni táìlì, orísun tòótọ́ sì ni ẹ̀ka igi tó ń kán omi sórí rẹ̀. Ká ní ẹ̀kán kan ló kan táìlì méjì bí a bá pín in dọ́gba. Bí a bá wá rí táìlì kan tí ẹ̀kán márùn-ún bà, ṣé ẹ̀ka igi kan ló ń kán omi sórí rẹ̀, àbí ó kàn ṣèèṣì ni? Ìṣirò fi hàn pé èèṣì bẹ́ẹ̀ lè bá táìlì tó dín díẹ̀ sí méjì nínú 10,000. Kò jọ nǹkan, àmọ́ bí táìlì bá tó mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìgbà 170 ni a ó pe òjò lásán ní ẹ̀ka igi. Bí a bá sì ní a kò ní gba ohun tó dín sí ẹ̀kán mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tòótọ́ ni yóò bọ́ sọnù.

Táìlì tó wà ní etí àwòrán ní wàhálà tirẹ̀. X-ray kì í ta padà àfi bó bá fara ra ojú díńgí ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, nítorí náà díńgí awò wọ̀nyí rí bí àgbá tí a kì bọ inú ara wọn: wọ́n ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ dáadáa ní àárín, wọ́n sì ń tú u ká ní etí. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá orísun gbọ́dọ̀ máa fẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ bó ti ń jìnnà sí àárín, kí ó má baà ka orísun kan ní mẹ́ta.

Ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò fi iyèméjì rẹ̀ pamọ́: bí orísun kọ̀ọ̀kan ṣe dájú tó wà ní kíkọ nínú òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ. Ó ṣeni láàánú pé òpó yẹn gan-an ni àwọn tó ń lo àkójọ náà sábà máa ń fò, tí wọ́n á wá máa wá ìràwọ̀ tó ni orísun tí òjò lásán dá sílẹ̀. Wọn kì í sì í ṣàìrí ọ̀kan, nítorí ìràwọ̀ pọ̀ débi pé ibikíbi tí a bá nawọ́ sí, ọ̀kan á wà nítòsí.